Bí A Ṣe Ń To Páálí Nígbà Tí Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Jẹ́ Ilé Ẹni ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Fọ́ọ̀mù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bèèrè nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà àti postcode. Ọkọ̀ tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá kan lọ́sẹ̀ yìí, tó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá mìíràn lọ́sẹ̀ méjì sí i, kò ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin ìwọ̀lú kò ní kí ẹni tó ní físà má gbé inú ọkọ̀, fọ́ọ̀mù ni kò mọ bí ó ṣe máa kọ ilé tó ń rìn sílẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà tó wà ní England tàbí Wales pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí físà ọkọ tàbí aya, tó ń gbé inú narrowboat (ọkọ̀ ojú omi tóóró) lórí kànáàlì (odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́) tàbí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, la ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ló gbé gbogbo ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí ró: ibi tí lẹ́tà ti ń bá yín ọ̀tọ̀, ibi tí ẹ ń sùn ọ̀tọ̀. Ẹ má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ bá sọ fún báǹkì, òun náà ni kí Home Office (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà) gbọ́, òun náà ni kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ibi ìsokọ̀ tí ẹ ń gbà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà wà lórí omi, ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú wá kò jọra.

Èkíní ni ibi ìsokọ̀ tí káńsù fún ní ìyọ̀ǹda pé kí ènìyàn fi ṣe ibùgbé. Wọ́n ń pè é ní residential mooring. Ó ní àdírẹ́sì àti postcode, lẹ́tà ń dé ibẹ̀, káńsù sì sábà máa ń gba council tax (owó orí ilé) lórí rẹ̀, ní Band A tó kéré jù lọ. Ẹni tó bá rí èyí ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà, nítorí ìwé council tax wà lára ẹ̀rí àdírẹ́sì tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n gógó, pàápàá ní London.

Èkejì ni leisure mooring, ibi tí wọ́n gbà yín láyè láti so ọkọ̀ sí, kì í ṣe láti máa gbé. Àwọn kan ń gbé ibẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, alága èbúté sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Fún ẹni tó ń to páálí, ibi tó léwu jù nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò lẹ́tà pé ibẹ̀ lẹ ń gbé, alága èbúté kò ní kọ ọ́, nítorí yóò fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹjọ́ káńsù. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù Home Office, ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ẹ ń tẹ àdéhùn lójú. Ẹ bèèrè ìwé ìyọ̀ǹda káńsù kí ẹ tó sanwó. Bí wọ́n bá ní “ẹ má ṣèyọnu, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é”, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ̀kẹta ni kí ẹ máà ní ibi ìsokọ̀ rárá, kí ẹ máa rìn. Àwọn ará kànáàlì ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní continuous cruiser. Ó bófin mu pátápátá, kò sì sí council tax lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú ìwé àdírẹ́sì kankan wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yàn án ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ kó gbogbo ìwé ẹ̀rí jọ. Nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè san, òun la máa sọ jù níhìn-ín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀

Canal & River Trust ló ń bójú tó nǹkan bíi 2,000 máìlì kànáàlì àti odò ní England àti Wales láti ọdún 2012, nígbà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ British Waterways. Òdò wọn lẹ ti máa gba láísẹ́ǹsì. Odò Thames láti Teddington lọ sókè jẹ́ ti Environment Agency, àwọn omi Norfolk jẹ́ ti Broads Authority, láísẹ́ǹsì wọn sì yàtọ̀. Scotland ní ètò tirẹ̀.

Òfin British Waterways Act ti 1995 béèrè ohun mẹ́ta kí láísẹ́ǹsì tó jáde: ìwé Boat Safety Scheme (tó fi hàn pé ọkọ̀ náà kò léwu), ìnṣọ́ránsì, àti yálà ibi ìsokọ̀ tàbí ìlérí pé ọkọ̀ á máa rìn. Ìwé Boat Safety máa ń lo ọdún mẹ́rin. Olùyẹ̀wò á wo páìpù gáàsì, wáyà iná, tánkì epo, ẹ̀rọ tó ń pa iná àti aago tó ń kìlọ̀ carbon monoxide. Àìsí aago yìí nìkan tó láti mú kí ọkọ̀ kùnà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ rà á kí olùyẹ̀wò tó dé.

Ẹni tó ń rìn kò gbọdọ̀ dúró sí ibì kan ju ọjọ́ 14 lọ àyàfi tí ìdí gúnmọ́ bá wà, bí àìsàn, ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ tàbí omi tó di yìnyín. Àwọn ibòmíràn wà tí àmì wọn ní ọjọ́ 7 tàbí kó dín, pàápàá láàárín London. Trust ti sọ ọ́ síta pé ó ṣòro kí ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ibi tí kò tó 20 máìlì ní gbogbo àsìkò láísẹ́ǹsì tó lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Hackney àti Tottenham lórí odò Lee, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà nítòsí, á gba lẹ́tà ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lè fún un ní láísẹ́ǹsì oṣù mẹ́fà dípò ọdún kan. Bí kò bá yí padà, láísẹ́ǹsì lè bọ́, òfin British Waterways Act ti 1983 sì fún wọn lágbára láti gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí omi. Kí ẹni tó ní físà fi èyí sọ́kàn dáadáa: láísẹ́ǹsì tó bọ́ ti di ilé tó bọ́, ẹ̀rí ibùgbé yín sì ti bá a lọ.

Láti oṣù kẹrin 2024, owó láísẹ́ǹsì ẹni tí kò ní ibi ìsokọ̀ ti ju ti ẹni tó ní in lọ, ó sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ẹ fi í sínú ìṣirò.

Ọkọ̀ kò ní ìwé onílẹ̀ bíi ti ilé. Ìwé títà tí olùtà fọwọ́ sí, bill of sale, ni ẹ̀rí pé tiyín ni. Kí orúkọ inú rẹ̀ bá ti páspọ́ọ̀tù mu lẹ́tà kan sí èkejì, kí nọ́ńbà tí Trust fún ọkọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀yin àti ọkọ tàbí aya yín bá jọ ń rà á, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wọ inú ìwé náà láti ọjọ́ kìíní. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá gba físà ẹbí máa rí àǹfààní rẹ̀ níwájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tí lẹ́tà yóò máa bá yín

Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìṣe, nítorí ó rọrùn láti bẹ ẹ̀gbọ́n kan ní Peckham tàbí Woolwich pé “ẹ jẹ́ kí n lo àdírẹ́sì yín”. Ẹ lè lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n. Ohun tí kò bójú mu ni kí ẹ sọ pé ibẹ̀ lẹ ń gbé.

Ẹ kọ orúkọ yín, kí ẹ kọ c/o, kí orúkọ onílé tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì rẹ̀. Àmì kékeré yẹn ló sọ fún ẹni tó ń ka ìwé náà pé àlejò ni lẹ́tà yìí nínú ilé náà. Bí fọ́ọ̀mù bá ya àdírẹ́sì ìfìwéránṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àdírẹ́sì ibùgbé, inú ti ìfìwéránṣẹ́ ni kí ẹ fi sí.

Ẹ ro ti ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú. Bí ó bá ń dá gbé, ó ṣeé ṣe kó máa gba ẹ̀dínwó 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí council tax. Bí orúkọ yín bá wọ ìwé káńsù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n lè gba ẹ̀dínwó náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tún béèrè owó ẹ̀yìn. Bí ilé káńsù tàbí ilé àyágbé ló wà, àdéhùn rẹ̀ lè má gba kí ẹlòmíràn máa gbé ibẹ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un kí ẹ tó bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé lẹ́tà nìkan lẹ ń gbà níbẹ̀, pé ẹ kì í sùn níbẹ̀, ẹ kì í sì í san owó ilé. Ìwé yẹn á gba ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ tí ìbéèrè bá dé.

Bí kò bá sí ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà mìíràn wà. Ilé iṣẹ́ tó ń gba lẹ́tà fún ènìyàn wà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ bá wà. Ó dára fún ìwé ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ báǹkì mọ àdírẹ́sì wọn, wọ́n sì ń kọ̀ ọ́. Bákan náà ni PO Box. Poste Restante ti Royal Mail wúlò fún lẹ́tà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ mọ ìgbà tó ń bọ̀: ẹ yan pósítọ́fíìsì tó wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ máa wà, wọ́n á pa lẹ́tà tó ti inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó ti òkè òkun wá fún oṣù kan, ẹ ó sì fi páspọ́ọ̀tù gbà á. Ẹ má lò ó fún ohun tí ẹ kò mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nínú ilé àyágbé bọ́ sínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ san owó Redirection (dídarí lẹ́tà sí àdírẹ́sì tuntun) fún Royal Mail kó tó jáde, fún oṣù 3, 6 tàbí 12. Ẹ gba ti oṣù 12. Lẹ́tà owó orí sábà máa ń pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Home Office àti ibi iṣẹ́

Páálí oníke tí wọ́n ń pè ní BRP ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. eVisa ló rọ́pò rẹ̀, inú àkáǹtì UKVI (ẹ̀ka físà ti Home Office) lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Fún ará inú ọkọ̀, ìròyìn ayọ̀ gidi ni èyí: kò sí káàdì tí oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lè sọnù mọ́, ìpinnu Home Office sì sábà máa ń gba ímeèlì wọlé. Ó wá di dandan kí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tó wà nínú àkáǹtì náà jẹ́ èyí tí ẹ kò ní yí padà. Ẹ má lo ímeèlì ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni ímeèlì á bọ́, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ sì máa nílò rẹ̀ jù.

Tí ẹ bá ti kó wọ inú ọkọ̀, ẹ wọ inú àkáǹtì náà, kí ẹ yí àdírẹ́sì padà. Ẹni tó ní residential mooring á kọ orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà ibi ìsokọ̀ àti postcode èbúté. Ẹni tó ń rìn á kọ àdírẹ́sì c/o, nítorí ojú ìwé náà kò ní gba àyè tó ṣófo.

Nínú fọ́ọ̀mù ìtẹ̀síwájú físà tàbí ILR (ìyọ̀ǹda láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ), ẹ wá àpótí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé síwájú sí i, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ọkọ̀ lẹ ń gbé, kí ẹ sì fi lẹ́tà àlàyé kan mọ́ ìwé yín. Kí lẹ́tà náà má kọjá ojú ìwé kan. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ yín bó ṣe wà nínú páspọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìwé tí ẹ fi sílẹ̀, orúkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà Trust rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú rẹ̀, àwọn kànáàlì tí ẹ ń rìn, onílé tó ń gba lẹ́tà yín àti ohun tó jẹ́ sí yín, gbólóhùn kan tó sọ kedere pé ẹ kì í gbé ilé náà, àti àkójọ ìwé tí ẹ so mọ́ ọn. Ẹ so láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé títà àti ìnṣọ́ránsì mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé yín lè má tíì rí narrowboat rí. Ẹ má fi sílẹ̀ fún un láti máa méfò.

Ẹ̀rù irọ́ nínú fọ́ọ̀mù kò ṣeé fojú kéré. Bí wọ́n bá gbà pé ẹ fi ẹ̀tàn kọ àdírẹ́sì, wọ́n lè má fọwọ́ sí ìwé náà, ìkọ̀sílẹ̀ tó dá lórí ẹ̀tàn sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá. Àdírẹ́sì c/o pẹ̀lú àlàyé kì í ṣe ẹ̀tàn. “Mò ń gbé ní Peckham” nígbà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ní Watford lẹ wà, ẹ̀tàn nìyẹn.

Ẹni tó ní físà iṣẹ́ tún ní láti sọ fún ẹ̀ka HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó gbà yín wọlé gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ibùgbé yín, nọ́ńbà fóònù ilé àti ti alágbèéká yín, tí àwọn òṣìṣẹ́ Home Office lè wá yẹ̀ wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR, kí ẹ kọ orúkọ ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti àdírẹ́sì c/o, kí ẹ sì pa ẹ̀dà mọ́. Bí àkọsílẹ̀ HR bá ṣì ń sọ àdírẹ́sì ilé tí ẹ ti kúrò lọ́dún méjì sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ ló máa kọ́kọ́ jìyà, ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: dókítà, báǹkì, DVLA àti ìbò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, nítorí òun ló rọrùn jù, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn yòókù. Ìlànà NHS England ni pé ilé dókítà kò gbọdọ̀ lé ènìyàn nítorí pé kò ní ẹ̀rí àdírẹ́sì. Bí olùgbàlejò bá ń takú, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ kò ní àdírẹ́sì tó dúró lójú kan, pé wọ́n lè fi àdírẹ́sì ilé dókítà náà forúkọ yín sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ físà, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà láti oṣù kejì 2024. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Báǹkì le jù. Òfin tó ń gbógun ti owó ẹ̀gbin ló ń mú wọn béèrè ẹ̀rí àdírẹ́sì. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ṣí àkáǹtì kí ẹ tó kúrò nínú ilé àyágbé, kí ẹ wá yí àdírẹ́sì padà nígbà tó bá yá. Ẹni tó ti wà lórí omi kó lọ sí ẹ̀ka báǹkì fúnra rẹ̀ pẹ̀lú páspọ́ọ̀tù, share code tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà (nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí físà yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń lo ọjọ́ 90), lẹ́tà HMRC (ilé iṣẹ́ owó orí ìjọba), lẹ́tà ibi iṣẹ́ àti láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kó béèrè basic bank account, àkáǹtì kékeré tí kò ní ẹ̀yáwó.

Lọ́dọ̀ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí láísẹ́ǹsì awakọ̀ mọ́tò, ẹni tí kò bá sọ pé òun ti kó lọ lè san owó ìtanràn tó tó £1,000. Àdírẹ́sì tí lẹ́tà ti lè bá yín ló ṣe pàtàkì fún wọn. Ẹni tó ń béèrè provisional (láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò) gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ ìkólọ yín sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mọ́tò ilẹ̀ Nàìjíríà kì í lo ju oṣù 12 lọ lẹ́yìn tí ènìyàn ti di ará ibẹ̀, kò sì ṣeé pààrọ̀, ẹ ó tún ìdánwò ṣe. Bí ẹ bá ní mọ́tò, ẹ sọ òtítọ́ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì nípa ibi tó ń sùn. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn ìjàǹbá pé ẹ̀bá kànáàlì ló ń sùn, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Ọmọ Nàìjíríà tó ní físà lè dìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Commonwealth ni wá. Ẹni tí kò ní àdírẹ́sì máa ń forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní declaration of local connection. Ẹ ó kọ ibi tí ẹ sábà máa ń wà sínú rẹ̀ àti ibi tí lẹ́tà yóò ti bá yín, tàbí pé ẹ ó máa wá gba á ní ọ́fíìsì wọn. Ọdún kan ló ń lò. Ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún, kí ẹ sì pa lẹ́tà tí wọ́n bá kọ mọ́.

Kí ẹni tí páálí rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ nínú owó ìjọba ṣọ́ra o. Housing Benefit àti ẹ̀dínwó council tax fún aláìlówó wà lára owó yẹn, bí aládùúgbò yín lórí omi bá tilẹ̀ ń gbà á. Ọmọ ilẹ̀ ni òun.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ọkọ tàbí aya bá wà nínú ọ̀rọ̀

Físà ẹbí ní ìbéèrè tí físà iṣẹ́ kò ní: ilé tó tó yín gbé, tó jẹ́ tiyín tàbí tí ẹ̀yin nìkan ń lò, tí kò sì há jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ilé tó há wà nínú Housing Act 1985. Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn ọkọ̀ yín kí òṣìṣẹ́ tó wọ̀n ọ́n fún yín.

Yàrá ìbùsùn àti pálọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ìṣirò méjì ni wọ́n ń ṣe, èyí tó bá kéré ni wọ́n ń mú. Nínú èkíní, yàrá kan jẹ́ ti ènìyàn 2, yàrá méjì ti ènìyàn 3, yàrá mẹ́ta ti ènìyàn 5. Nínú èkejì, wọ́n ń wo fífẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin: 110 sókè jẹ́ ènìyàn 2, 90 sí 110 jẹ́ ènìyàn kan àbọ̀, 70 sí 90 jẹ́ ènìyàn kan, 50 sí 70 jẹ́ ààbọ̀, èyí tí kò tó 50 kò jẹ́ nǹkan kan. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò wọ ìkà, ọmọ ọdún 1 sí 9 jẹ́ ààbọ̀, ẹni ọdún 10 sókè odindi ni. Ọkùnrin àti obìnrin tó ti pé ọdún 10, tí wọn kì í ṣe tọkọtaya, kò sì gbọdọ̀ wà ní ipò pé dandan ni kí wọ́n jọ sùn nínú yàrá kan.

Narrowboat fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 10 níta, nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 6 nínú. Pálọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 16 jẹ́ 96, ìyẹn ènìyàn kan àbọ̀. Yàrá ìbùsùn tó gùn ní 11 jẹ́ 66, ìyẹn ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ènìyàn 2, ó tó tọkọtaya gẹ́lẹ́. Bí ìyàwó bá bímọ, kò tíì sí wàhálà títí ọmọ á fi pé ọdún kan; lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n di 2 àbọ̀, ọkọ̀ náà sì ti há lójú òfin. Widebeam (ọkọ̀ tó fẹ̀ ju narrowboat lọ) tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí pálọ̀ rẹ̀ gùn ní 12, tí yàrá rẹ̀ gùn ní 10, máa mú 3 àbọ̀ ní ti fífẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá méjì kò kọjá ènìyàn 3, nítorí náà 3 ni: tọkọtaya àti ọmọ kékeré méjì. Widebeam kì í sì í wọ àwọn kànáàlì tóóró, ẹ ro ti ìrìn 20 máìlì yẹn kí ẹ tó rà á.

Ẹ ya àwòrán inú ọkọ̀ náà sórí ìwé, kí ẹ kọ ìwọ̀n yàrá kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ sì fi fọ́tò tì í. Ẹni tó bá lówó lè bẹ surveyor (ayẹ̀kọ̀wò) láti kọ ìròyìn lé e. Ó máa ń ran ìwé lọ́wọ́ gan-an, nítorí ọkọ̀ ṣàjèjì sí wọn.

Nígbà ìtẹ̀síwájú, wọ́n á tún fẹ́ ẹ̀rí pé ẹ jọ ń gbé: lẹ́tà mẹ́fà, ó kéré tán láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó tàn ká ọdún méjì, tó ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, tàbí lẹ́tà ti oníkálùkù sí àdírẹ́sì kan náà. Èyí ló ń kó tọkọtaya inú ọkọ̀ sí hílàhílo, nítorí ọkọ ti ń lo àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó ń lo ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ yan àdírẹ́sì c/o kan ṣoṣo fún ẹ̀yin méjèèjì láti oṣù kìíní. Ẹ fi orúkọ méjèèjì sí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ àti àkáǹtì báǹkì àjọní. Lẹ́yìn náà, ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ mú lẹ́tà kan sọ́tọ̀: ti báǹkì, ti GP, ti HMRC, ti ìnṣọ́ránsì. Ọdún méjì á pé, mẹ́fà á pé. Ẹni tó bá dúró di oṣù tó kẹ́yìn á rí lẹ́tà mẹ́fà tí gbogbo wọn jẹ́ ti oṣù kan náà, kò sì ní ran án lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé ìrìn, ILR àti ìwé ọmọ onílùú

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ kúrò, ọjọ́ tí ẹ dé, orúkọ kànáàlì àti nọ́ńbà afárá tó wà nítòsí. Ẹ ya fọ́tò kan níbi ìsokọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan náà lẹ ń fi í pa ẹyẹ méjì: Trust kò ní rí yín mú pé ẹ kò rìn, Home Office á sì rí i pé inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ wà.

Ẹni tó ń lọ sí ILR lórí físà iṣẹ́ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn odi ju ọjọ́ 180 lọ láàárín oṣù 12 èyíkéyìí. Odindi ọjọ́ ni wọ́n ń kà, ọjọ́ tí ẹ wọ bàálù àti ọjọ́ tí ẹ balẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Fún ìwé ọmọ onílùú, ó jẹ́ ọjọ́ 450 láàárín ọdún márùn-ún, tàbí 270 láàárín ọdún mẹ́ta fún ẹni tó fẹ́ ọmọ onílùú, kó má sì ju 90 lọ nínú ọdún tó kẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù yẹn tún máa béèrè gbogbo àdírẹ́sì yín fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ kọjá sí kànáàlì ilẹ̀ Faransé fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ka àwọn ọjọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí àìsí-nílé, òun á sì nílò físà Schengen.

Ní oṣù karùn-ún 2025 ìjọba gbé àbá jáde láti sọ ọdún márùn-ún ILR di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà ẹ má sun ìwé kankan nínú ààrò. P60 (ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí) ọdọọdún, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ọdọọdún, ìwé ìrìn, ẹ pa gbogbo wọn mọ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Tí páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà bá ń parí, ẹ bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà ṣáájú. Bí ẹ bá máa fi àpò ìwé sílẹ̀ kí wọ́n fi dá a padà, Special Delivery ni kí ó jẹ́, kí àdírẹ́sì ara rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án láti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí tuntun bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì UKVI kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Lagos lè má rí físà yín lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí ìwé ṣe ń bàjẹ́ lórí omi

Ògiri irin máa ń làágùn ní ìgbà òtútù, ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì bu kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ ra àpótí oníke tó ní rọ́bà lẹ́nu, ẹ ju àpò silica kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí àárín ọkọ̀ lókè ilẹ̀, kó jìnnà sí ògiri àti sí ààrò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò dára, ibẹ̀ ló tutù jù. Ẹ máa pààrọ̀ silica náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹ ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó bá dé, kí ẹ fi ọjọ́ ṣáájú orúkọ fáìlì, bíi 2025-03-14-HMRC, kí wọ́n lè to ara wọn tẹ̀léra. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òmíràn sórí flash tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba lẹ́tà yín. Ìwé títà ọkọ̀ àti ìwé ìgbéyàwó gidi kò yẹ kó wà lórí omi rárá. Ẹ fi wọ́n sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn, nínú àpò ìwé tí ẹ ti lẹ̀ pa, kí ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀.